Ọwọ́ Ta Ló Wà Léjìká Màmá? Ẹ Rò Ó Dáadáa Kẹ́ Ẹ Tó Yọ Ẹnikẹ́ni Kúrò Nínú Fọ́tò

Ọ̀rọ̀ fọ́tò la fẹ́ jọ sọ lọ́sẹ̀ yìí. Kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń ya fọ́tò o, bí wọ́n ṣe ń yọ ohun tí wọn ò fẹ́ kúrò nínú èyí tí wọ́n ti yà ni. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ti máa bi ara rẹ̀ pé kí ló kan ojú ewé ìlera àti ìtọ́jú ilé nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ní sùúrù, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ládùúgbò wa fún yín.

Màmá kan ló jáde láyé ní òpópónà kejì sí tiwa. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, àwọn ọmọ wọn sì fẹ́ ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn tó gbayì fún wọn. Wọ́n wá fọ́tò tí wọ́n máa lò fún pósítà àti ìwé ètò ìsìnkú, ṣùgbọ́n àwọn fọ́tò tí Màmá yà lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yẹn ò wù wọ́n, torí pé àìsàn ti hàn lójú. Èyí tó wù wọ́n ni ọ̀kan báyìí tí Màmá yà nígbà tí ara ṣì le, tí wọ́n wé gèlè, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Wàhálà ibẹ̀ ni pé Màmá nìkan kọ́ ló wà nínú fọ́tò náà. Orogún wọn, tí gbogbo ọmọ ilé ń pè ní Màmá Kékeré, dúró tì wọ́n, wọ́n sì gbọ́wọ́ lé Màmá léjìká.

Ni àkọ́bí Màmá bá gbé fọ́tò náà lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù oníkọ̀ǹpútà. Ó ní kó yọ Màmá Kékeré kúrò, kó ku Màmá nìkan. Ọmọkùnrin náà yọ wọ́n lóòótọ́. Ó yọ orí, ó yọ aṣọ, ó yọ ẹsẹ̀, ó sì fi àwọ̀ ògiri tó wà lẹ́yìn wọn dí gbogbo ibẹ̀. Ọwọ́ nìkan ló gbàgbé.

Ìgbà tí wọ́n ti lẹ pósítà mọ́ ara ilé tán làwọn èèyàn tó rí i. Ọwọ́ kan wà léjìká Màmá, kò ní apá, kò ní ẹni tó ni ín, òrùka sì wà níka rẹ̀. Àwọn ọmọdé ń fi rẹ́rìn-ín. Ẹni tí kò rẹ́rìn-ín ni ẹni tó ni ọwọ́. Màmá Kékeré ṣì wà láyé, inú ilé yẹn náà ni wọ́n ń gbé, òrùka ọ̀hún ṣì wà níka wọn. Àwọn ni wọ́n tọ́ méjì nínú àwọn ọmọ Màmá dàgbà, lásìkò tí Màmá ń ná ọjà òkèèrè. Wọ́n dúró síwájú pósítà náà, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ẹ yọ mí kúrò, ọwọ́ mi ò gbà." Wọ́n bá wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ilé ni? Àwọn àgbà ló bá wọn dá sí i. Àkọ́bí Màmá lọ dọ̀bálẹ̀, ó ní òun ò ní èrò ibi kankan lọ́kàn, fọ́tò ìyá òun nìkan lòun ń wá. Mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ní láti já gbogbo pósítà yẹn, kí wọ́n tẹ òmíràn, owó kejì sì jáde. Nínú ìwé ètò ìsìnkú, odidi fọ́tò náà ni wọ́n wá lò, ìyá méjèèjì sì wà níbẹ̀. Màmá Kékeré jókòó síwájú lọ́jọ́ ìsìnkú, gbogbo wa la rí wọn.

ỌGBỌ́N YÌÍ TI PẸ́

Ẹ má ṣe rò pé kọ̀ǹpútà ló kọ́kọ́ kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń yọ ẹni tí wọn ò fẹ́ kúrò nínú fọ́tò. Láyé Stalin, olórí ilẹ̀ Soviet, fọ́tò kan wà tí wọ́n ti yà á létí omi tí wọ́n gbẹ́ láti odò Volga wá sí Moscow, èyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 1937. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Nikolai Yezhov, ọ̀gá àwọn ọlọ́pàá abẹ́lẹ̀ ìjọba náà, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nígbà tó yá, Yezhov bọ́ sínú ìṣòro, wọ́n sì pa á lọ́dún 1940. Nínú fọ́tò tí wọ́n wá ń tẹ̀ jáde lẹ́yìn náà, omi ló wà níbi tí Yezhov dúró sí. Kò sí kọ̀ǹpútà nígbà yẹn o. Abẹ àti gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, àti búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín pẹ̀lú ọ̀dà. Ọkùnrin ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, David King, fi ọ̀pọ̀ ọdún kó irú àwọn fọ́tò bẹ́ẹ̀ jọ, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ yà àti èyí tí wọ́n ti dọ́gbọ́n sí, ó sì fi wọ́n ṣe ìwé lọ́dún 1997.

Àwọn oníṣẹ́ fọ́tò tiwa náà lọ́gbọ́n tiwọn. Ẹ̀yin àgbà á rántí bí wọ́n ṣe máa ń fi pẹ́ńsù ṣóńṣó tún ojú èèyàn ṣe lórí nẹ́gátíìfù, tí ojú á fi jọ̀lọ̀ nígbà tí wọ́n bá fọ fọ́tò náà jáde. Ṣùgbọ́n èyí tó wú mi lórí jù ni ti ìbejì. Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Stephen Sprague ṣèwádìí nípa àwọn oníṣẹ́ fọ́tò ní Ìlá-Ọ̀ràngún, ó sì kọ ohun tó rí jáde lọ́dún 1978. Ó ní bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú kí wọ́n tó jọ ya fọ́tò, oníṣẹ́ fọ́tò á ya èyí tó kù, á wá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan ṣoṣo, tí á fi dà bíi pé àwọn méjèèjì jọ jókòó ni. Bó bá jẹ́ pé ọkùnrin àti obìnrin ni wọ́n, wọ́n á wọ aṣọ ọkùnrin fún èyí tó kù, wọ́n á yà á, wọ́n á tún wọ aṣọ obìnrin fún un, wọ́n á yà á.

Ẹ wò ó, ẹni tó ti lọ ni wọ́n ń fi ọgbọ́n dá padà sáàárín ẹbí. Àwa tòde òní ló wá ń fi irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ yọ ẹni tó ṣì wà láàyè.

BÁWO LẸ̀RỌ ṢE Ń ṢE É?

Fọ́tò tó wà nínú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù dà bí ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ tí wọ́n tò jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọ̀ tirẹ̀. Wọ́n kéré débi pé ojú ò lè dá wọn mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá yọ nǹkan kúrò, àwọn ìlẹ̀kẹ̀ kan ló kúrò nílẹ̀, ihò sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Gbogbo iṣẹ́ tó kù kò ju bí wọ́n ṣe máa dí ihò yẹn lọ. Ẹ fi wé télọ̀ tó fẹ́ lẹ ìbàdí ṣòkòtò tó ya. Á wá aṣọ tó jọ ọ́, á gé díẹ̀ níbi tí kò hàn, á fi lẹ ibi tó hàn.

Àwọn ọmọ ìyá méjì kan lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, Thomas Knoll àti John Knoll, ló bẹ̀rẹ̀ ètò Photoshop lọ́dún 1987, iléeṣẹ́ Adobe sì gbé e jáde fún títà lọ́dún 1990. Irinṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Clone Stamp wà nínú rẹ̀ tó dà bí òǹtẹ̀: ẹ ó tọ́ka sí ibi tó mọ́, irinṣẹ́ náà á sì máa da ibẹ̀ kọ síbi tí ẹ bá fi í sí. Lọ́dún 2002, wọ́n fi òmíràn kún un, Healing Brush, èyí tó máa ń jẹ́ kí àwọ̀ ibi tí ẹ lẹ̀ bá ti àyíká rẹ̀ mu. Lọ́dún 2010, wọ́n tún gbé èyí tó ń dí ihò fúnra rẹ̀ jáde. Ètò ọ̀fẹ́ kan náà wà tó ń jẹ́ GIMP, tó ti wà láti ọdún 1996, tí èèyàn ò ní san kọ́bọ̀ lé lórí.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, Google gbé irinṣẹ́ tó ń jẹ́ Magic Eraser jáde pẹ̀lú fóònù Pixel 6. Ẹ kàn máa fi ìka yí ohun tí ẹ ò fẹ́ ká ni, á pòórá. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, wọ́n ṣí i sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn tó ń lo Google Photos. Fóònù iPhone tuntun náà ní tirẹ̀ láti oṣù kẹwàá ọdún 2024, Clean Up lorúkọ tí wọ́n fún un.

Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú nínú gbogbo èyí ni pé ẹ̀rọ náà kò mọ ohun tó wà lẹ́yìn ẹni tí ẹ yọ. Àbá ló ń dá. Bí ìlẹ̀kùn bá wà lẹ́yìn Màmá Kékeré, tí ẹ̀rọ rò pé ògiri ni, ògiri ló máa fi síbẹ̀. Bí ọmọ kékeré bá sá pamọ́ sẹ́yìn aṣọ wọn, ẹ̀rọ ò lè dá ojú ọmọ náà padà láéláé. Ohun tí ẹ̀ ń rí níbẹ̀ á jọ òótọ́, àmọ́ kì í ṣe òótọ́.

BÍ Ẹ BÁ FẸ́ ṢE É FÚNRA YÍN

Kò sí ohun tó burú nínú kéèyàn yọ àbàwọ́n epo, ìlà ibi tí fọ́tò ti ká, tàbí ọkọ̀ elòmíràn tó kọjá lẹ́yìn yín níbi ìgbéyàwó. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ tẹ̀ lé e báyìí.

1. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ tó rọ̀ nu eruku ojú fọ́tò. Ẹ má ṣe fi omi tàbí itọ́ sí i o. Bí fọ́tò bá ti lẹ̀ mọ́ dígí férémù, ẹ má ṣe fà á já, ojú rẹ̀ lè bó kúrò pẹ̀lú dígí. Ẹ gbé e lọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n yà á láti orí dígí.

2. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ sìkánà dà á sínú kọ̀ǹpútà. Bí fọ́tò bá kéré, tí ẹ sì fẹ́ kó tóbi, ẹ ní kí wọ́n fi sí 600. Bó bá jẹ́ pé bó ṣe tóbi náà lẹ máa tẹ̀ ẹ́, 300 tó.

3. Ẹ ṣe ẹ̀dà kan. Orí ẹ̀dà yìí ni kẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́, ẹ má ṣe fọwọ́ kan èyí tí ẹ kọ́kọ́ dà sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ kọ orúkọ méjèèjì sọ́tọ̀ kí wọ́n má bàa dàrú mọ́ yín lójú.

4. Bó bá jẹ́ fóònù, ẹ ṣí fọ́tò náà nínú Google Photos, ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ Edit sí, kẹ́ ẹ wá Magic Eraser. Ẹ fi ìka yí ohun tí ẹ ò fẹ́ ká, kẹ́ ẹ sì tọ́jú èyí tó bá jáde sọ́tọ̀.

5. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ fa fọ́tò náà sún mọ́ra kó tóbi dáadáa lójú yín. Ẹ mú Clone. Nínú Photoshop, ẹ tẹ Alt mọ́lẹ̀ kẹ́ ẹ tó tọ́ka sí ibi tó mọ́. Nínú GIMP, Ctrl lẹ máa tẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá fi pa ibi tí kò dáa. Ẹ mú ibi tó sún mọ́ ọn, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá a dọ́gba. Ẹ lo búrọ́ọ̀ṣì kékeré, ẹ máa fi ṣe díẹ̀díẹ̀, ẹ sì máa pààrọ̀ ibi tí ẹ̀ ń mú lóòrèkóòrè, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, òdòdó kan náà lè fara hàn nígbà mẹ́ta lára ògiri.

Ẹ̀yin tí ojú yín ti ń rẹ̀, ẹ má fi ojú yín ṣọfà lórí iṣẹ́ yìí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, ẹ gbójú kúrò, ẹ wo ohun tó jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà 20, ó kéré tán fún ìṣẹ́jú àáyá 20, kẹ́ ẹ sì máa ṣẹ́jú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

ÀWỌN OHUN TÓ MÁA Ń ṢẸ́KÙ

Èèyàn kì í dá wà nínú fọ́tò. Bí ẹ bá yọ ọ́, ẹ wá àwọn nǹkan tó tàn káàkiri lára rẹ̀: ọwọ́ tó gbé lé ẹlòmíràn léjìká, ìka tó di ọmọ mú, bàtà tó yọ lábẹ́ àga, òjìji tó wà nílẹ̀, ojú rẹ̀ nínú dígí tó wà lára ògiri, etí gèlè tó bo etí ẹni kejì. Àwọn wọ̀nyí ló máa ń tú àṣírí.

Kódà àwọn ẹni ńlá ò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹta ọdún 2024, tó jẹ́ ọjọ́ ìyá ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ààfin gbé fọ́tò Kate, ìyàwó àrẹ̀mọ ọba, àtàwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jáde. Àwọn èèyàn wò ó fínnífínní, wọ́n rí i pé ọwọ́ aṣọ ọmọbìnrin rẹ̀ kò bára mu. Àwọn iléeṣẹ́ ìròyìn ńláńlá bíi AP, Reuters àti AFP ní kí gbogbo ìwé ìròyìn yọ fọ́tò náà kúrò. Lọ́jọ́ kejì, Kate tọrọ àforíjì, ó ní òun náà máa ń dán títún fọ́tò ṣe wò, bí ọ̀pọ̀ àwọn tí kì í ṣe oníṣẹ́ fọ́tò. Ọwọ́ aṣọ lásán ló di ọ̀rọ̀ gbogbo ayé.

FỌ́TÒ TÍ KÒ YẸ KẸ́ Ẹ TÚN ṢE RÁRÁ

Èkínní ni fọ́tò ìwé ìrìnnà. Ẹ̀yin tí ọmọ yín wà lókè òkun, tí ẹ fẹ́ gba físà, ẹ gbọ́ o. Amẹ́ríkà àti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò fẹ́ fọ́tò tí wọ́n ti fi kọ̀ǹpútà tàbí fóònù tún ṣe. Bí oníṣẹ́ fọ́tò bá sọ pé òun máa pa àpá ojú yín rẹ́ tàbí òun máa mú kí ojú yín jọ̀lọ̀, ẹ ní rárá. Ojú tó wà nínú ìwé yẹn gbọ́dọ̀ bá ojú tí wọ́n máa rí mu.

Èkejì ni fọ́tò tí ẹ fẹ́ fi han dókítà tàbí nọ́ọ̀sì. Bí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ ya nǹkan tó sú sí ọmọ lára, tàbí egbò ẹsẹ̀ bàbá àgbà, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, ẹ má ṣe yọ ohunkóhun, ẹ má sì ṣe lo irinṣẹ́ tó ń mú kí awọ ara dán. Ọ̀pọ̀ fóònù ló ti tan irinṣẹ́ yìí sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ wò ó kẹ́ ẹ pa á. Ó lè pa àmì tí dókítà ń wá rẹ́. Ẹ lọ síbi ojú fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wà. Ẹ fi owó ẹyọ tàbí rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ kó lè hàn bó ṣe tóbi tó. Ẹ ya ọ̀kan nítòsí, kẹ́ ẹ ya òmíràn láti ọ̀ọ́kán. Bó bá sì jẹ́ ohun tó le, tí ọmọ ò lè mí dáadáa tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń dà, ẹ má dúró ya fọ́tò, ẹ gbé aláìsàn lọ sílé ìwòsàn.

Ẹ̀kẹta ni fọ́tò tó lè di ẹ̀rí: fọ́tò ààlà ilẹ̀, ọkọ̀ tó forí sọra, tàbí ọgbẹ́ tí ẹnì kan dá sí ẹlòmíràn lára. Bí ẹ bá yọ kódà ìdọ̀tí lásán níbẹ̀, ẹni tó ń bá yín du ọ̀rọ̀ lè sọ pé gbogbo rẹ̀ ni ẹ ti dọ́gbọ́n sí, kò sì ní sí ẹni tó máa dá a lẹ́bi.

OHUN TÓ YẸ KÍ ÒBÍ YỌ, TÍ Ọ̀PỌ̀ KÌ Í YỌ

Bí a bá gbé fọ́tò ọmọ sórí WhatsApp tàbí Facebook, àbàwọ́n ẹnu ọmọ la máa ń yọ. Àmọ́ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ tó wà láyà aṣọ rẹ̀ ń kọ́? Nọ́ńbà ilé tó wà lára géètì lẹ́yìn rẹ̀ ń kọ́? Nọ́ńbà ọkọ̀ yín? Àwọn wọ̀nyí ló yẹ kẹ́ ẹ yọ, torí pé wọ́n ń sọ fún ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí ibi tó ti lè bá ọmọ yín pàdé. Fóònù míì tún máa ń kọ ibi tí ẹ ti ya fọ́tò sínú fọ́tò náà. Ẹ ní kí ọmọ yín tó mọ̀ ọ́n bá yín pa á nínú kámẹ́rà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni fọ́tò káàdì ATM àti ìwé NIN. Bí ẹ bá ní láti fi irú rẹ̀ ránṣẹ́, tí ẹ fẹ́ bo nọ́ńbà kan, ẹ má ṣe lo pẹ́ẹ̀nì fóònù tí àwọ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́, torí pé bí ẹlòmíràn bá mú fọ́tò náà mọ́lẹ̀ sí i, nọ́ńbà yẹn lè yọ lábẹ́ rẹ̀. Bátànì tó kì, tí kò jẹ́ kí nǹkan kankan hàn, ni kẹ́ ẹ fi bò ó. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi hàn pé bí wọ́n bá fi irinṣẹ́ inú fóònù Pixel gé apá kan fọ́tò kúrò, ó ṣeé ṣe kí wọ́n rí díẹ̀ lára ohun tí wọ́n gé yẹn dá padà. Wọ́n rí irú rẹ̀ nínú Windows 11 náà. Wọ́n ti tún méjèèjì ṣe, àmọ́ àwọn fọ́tò tó ti jáde ṣáájú ìgbà náà ti jáde. Ohun tó dáa jù ni pé kẹ́ ẹ fi bébà bo nọ́ńbà káàdì yín kẹ́ ẹ tó yà á rárá. Ohun tí kámẹ́rà ò rí, kò sí ẹni tó lè dá a padà.

BÍ ÌBÍNÚ BÁ WÀ NÍBẸ̀

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù nìyí. Tọkọtaya tó ti kọ ara wọn máa ń fẹ́ yọ ẹnì kejì kúrò nínú fọ́tò ìgbéyàwó, ìkómọ àti ọjọ́ ìbí ọmọ. Mi ò ní dá yín lẹ́jọ́, ẹni tó bá wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á. Ṣùgbọ́n ọmọ ló ni fọ́tò ìkómọ yẹn. Lọ́jọ́ kan, á tó ọmọ ogún ọdún, á fẹ́ mọ bí bàbá òun ṣe gbé òun dání. Bó bá bá àpá ògiri níbi tó yẹ kí bàbá rẹ̀ dúró sí, ẹ̀yin ló máa bi, ìdáhùn sì lè nira ju ohun tí ẹ̀ ń sá fún lọ.

Bí ẹ ò bá fẹ́ máa rí i, ẹ kó o sínú àpò ìwé, ẹ gbé e sísàlẹ̀ àpótí tàbí kẹ́ ẹ fún ẹ̀gbọ́n yín kan bá yín tọ́jú. Ohun tí a gbé pamọ́ ṣì ṣeé gbé jáde, ohun tí a pa rẹ́ ti lọ. Bó bá sì jẹ́ ojú ẹnì kan ṣoṣo lẹ nílò, bíi ti pósítà òkú, ẹ ní kí wọ́n gé e láti ọrùn sókè, kí wọ́n fi sínú férémù olóbìírípo. Kò ní sí ọwọ́ kankan tó máa kù sẹ́yìn, kò sì ní sí ẹni tí ẹ yọ kúrò. Ìwọ̀nba díẹ̀ lẹ kàn mú.

Kẹ́ ẹ tó ní kí wọ́n yọ ẹnikẹ́ni, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ta lẹni yìí sí wa? Ìkejì, ṣé ó wà láyé tó máa rí i, tàbí ọmọ rẹ̀ wà? Ìkẹta, ṣé ọ̀kan tí a ò tíì fọwọ́ kàn ṣì wà nílé? Bí ọ̀kan nínú wọn bá kọ́ yín lẹ́sẹ̀, ẹ lọ bi àgbà ilé. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

KÁ TÓ PÍNYÀ

Iṣẹ́ kékeré kan rèé fún òpin ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ kó àwọn fọ́tò àtijọ́ ilé yín jáde. Ẹ fi wọ́n han ẹni tó dàgbà jù nínú ẹbí, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n dárúkọ gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ fi pẹ́ńsù tí kò le kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò náà, jẹ́jẹ́, ẹ má ṣe fi bírò kọ ọ́, kó má bàa tẹ̀ yọ síwájú. Ẹ kọ ọdún, ẹ kọ ìlú. Ẹ máa rí i pé ẹni tí ẹ rò pé àlejò lásán ni, òun ló gbé yín lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ tí ara yín gbóná.

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìsìnkú Màmá, mo yà kí Màmá Kékeré. Wọ́n ti ra férémù tuntun, wọ́n sì gbé e kọ́ sí pálọ̀. Fọ́tò yẹn gan-an ló wà níbẹ̀, odidi rẹ̀, àwọn méjèèjì nínú gèlè, ọwọ́ léjìká. Mo bi wọ́n pé ọjọ́ wo ni wọ́n yà á. Wọ́n ní ọjọ́ tí àkọ́bí Màmá jáde ìwé mẹ́wàá ni. Wọ́n ní inú Màmá dùn lọ́jọ́ náà débi pé ẹsẹ̀ wọn ń gbọ̀n, ìdí nìyẹn tí àwọn fi gbọ́wọ́ lé wọn léjìká.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Ẹ máa tọ́jú ara yín, ẹ sì bá wa kí gbogbo ará ilé.